Ọ̀nà afẹ́fẹ́ Hilux 2.7: ojúlówó, tòkúnbọ̀, àfarawé àbí fílítà onísónsó?

Hilux tí Toyota ṣe láàárín 2005 sí 2015, èyí táwọn èèyàn ń pè ní Vigo, pọ̀ lójú títì wa, pàápàá eléyìí tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 2.7 tí wọ́n ń pè ní 2TR-FE. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í tètè dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ike àti rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀ gbó: ìdérí àpótí fílítà á sán, ìkọ́ tó ń há a á já, ọ́ósì rọ́bà á ya nínú ìṣẹ́po rẹ̀ níbi tójú ò tó. Ẹni tó bá gba Ládípọ̀ tàbí ASPAMDA lọ l'Ékòó láti pààrọ̀ rẹ̀ á bá oríṣiríṣi pàdé, gbogbo ẹni tó ń tà á ló sì máa sọ pé, "Á wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n." Ó lè wọ̀ ọ́ lóòótọ́, kí bọ́òtù gbogbo wọlé, kí iná check engine sì tàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ẹni tó fẹ́ ra àpótí fílítà, ọ́ósì afẹ́fẹ́ tàbí fílítà fún Hilux 2.7 la kọ èyí fún. Ẹni tó ní Hiace tàbí Prado tó ń lo ẹ́ńjìnnì kan náà lè fi ìlànà rẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kó má lọ ra ẹ̀yà Hilux. Ẹ́ńjìnnì Hiace wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, ọ̀nà tí ọ́ósì rẹ̀ ń gbà yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi wọn ọjà kẹ́ ẹ tó ná an

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ihò tí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ń jókòó sí. Lẹ́yìn fílítà, kí afẹ́fẹ́ tó dé tọ́rọ́tù, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún un wọ ẹ́ńjìnnì, sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń wọn iye afẹ́fẹ́ tó ń kọjá. MAF ni ẹ̀rọ sikáànù, èyí tí mẹkáníìkì fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, máa ń pè é. Wáyà tín-ínrín kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú gbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tù ú ni kọ̀ǹpútà ń fi iye iná tó gbà láti mú un gbóná padà ṣírò afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ ló ń gba inú sẹ́ńsọ̀ yẹn kọjá. Ní ti ìyókù, kọ̀ǹpútà gbà láìbéèrè pé ihò tí sẹ́ńsọ̀ wà nínú rẹ̀ fẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Toyota ṣe fi í sílẹ̀. Tí ihò bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á rọra kọjá, sẹ́ńsọ̀ á sì ka iye tó kéré.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní ihò tó yẹ jẹ́ mìlímítà 70, tí èyí tẹ́ ẹ rà jẹ́ 76. 70 lọ́nà 70 jẹ́ 4,900; 76 lọ́nà 76 jẹ́ 5,776. Ẹ fi ìkejì pín àkọ́kọ́, ẹ máa rí i pé nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni sẹ́ńsọ̀ á rí. Mìlímítà mẹ́fà ti fi ìdá 15 afẹ́fẹ́ pamọ́ fún kọ̀ǹpútà, epo tó yẹ kó bá afẹ́fẹ́ yẹn rìn kò sì ní jáde. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sáyílẹ́ńsà á fi tó kọ̀ǹpútà létí pé epo ò tó, kọ̀ǹpútà á máa fi epo kún un, títí tí ara rẹ̀ ò fi ní gbà á mọ́. Ìgbà yẹn ni kóòdù P0171 ń jáde. Tí ihò bá kéré jù, òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: epo á pọ̀ jù, P0172 á jáde, pílọ́ọ̀gì á dúdú, ọkọ̀ á sì máa mu epo.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bó ṣe dè pinpin tó. Jíjò tó bá wà lẹ́yìn fílítà, eruku ló ń gbà wọlé; jíjò tó bá wà lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, eruku àti afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà ló jọ ń gbà wọlé. Ẹ wo ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú: ṣé ibi tútù ni, ṣé omi ò ní kan án? Ẹ wò ó bóyá fílítà tó ń lò wà ní ìlú yín. Owó ló kẹ́yìn, kì í sì í ṣe owó ọjà nìkan. Iṣẹ́ rewáyà, owó sikáànù àti pílọ́ọ̀gì tó máa bà jẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀yà wà ló ń sọ bó ṣe yẹ kó dára tó

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra gbogbo rẹ̀ ní oríṣi kan náà, bóyá gbogbo rẹ̀ ojúlówó, bóyá gbogbo rẹ̀ àfarawé. Kò pọn dandan. Láti ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé títí dé ojú fílítà, ẹ̀gbẹ́ ìdọ̀tí nìyẹn. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ tó bá sán, ariwo lásán ni, àfi tí omi bá lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ lè fi tòkúnbọ̀ tàbí àfarawé síbẹ̀ láìronú púpọ̀. Láti ẹ̀yìn fílítà dé sẹ́ńsọ̀ ni ibi tí ìwọ̀n ihò àti ìjókòó fílítà ti ṣe pàtàkì, níbẹ̀ ni mi ò ti ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra ohun tí kò mọ orísun rẹ̀. Láti sẹ́ńsọ̀ dé tọ́rọ́tù, ìwọ̀n ihò ò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jò rárá.

Tí owó bá kéré, ibi tó yẹ kó lọ nìyẹn: ìdérí àpótí tó gbé sẹ́ńsọ̀, fílítà fúnra rẹ̀, àti ọ́ósì.

Ojúlówó tuntun

Kò sí àríyànjiyàn lórí bó ṣe ń jókòó. Wàhálà ibẹ̀ ni owó, àti kí wọ́n má fi ayédèrú sínú páálí Toyota fún yín.

Nọ́ńbà ẹ̀yà ni kẹ́ ẹ fi rà á, ẹ má fi ojú rà á. Nọ́ńbà Toyota pín sí méjì, márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́: 17801 ni fílítà afẹ́fẹ́, 17705 ni ìdérí àpótí fílítà, 17881 ni ọ́ósì tó jáde láti ibẹ̀, 22204 ni sẹ́ńsọ̀ MAF. Márùn-ún tó kù ló ń sọ ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe é fún. Ọ́ósì méjì tí nọ́ńbà àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 17881 lè jọra gan-an kí igun wọn sì yàtọ̀. Fílítà tó bá Vigo mu sábà máa ń jẹ́ 17801-0C010, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi nọ́ńbà fírémù ọkọ̀ yín wá a. Hilux tó jáde láti 2015 sókè tún yàtọ̀. Orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ni 2TR-FE, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe, VVT-i rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, ti di méjì, ara ọkọ̀ náà sì ti yí padà. Ẹ má gba ti ẹni tó bá ní "2.7 ni gbogbo wọn."

Láti dá ayédèrú mọ̀, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ike ojúlówó sábà máa ń ní nọ́ńbà tàbí àmì irú ike tó jẹ́, bíi >PP<, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ fi ìka gba ibi tí ike méjì ti pàdé. Tó bá gún yín lọ́wọ́, tí ike kéékèèké ṣì yọ létí rẹ̀, ẹ dá a padà.

Tòkúnbọ̀

Fún àpótí àti ìdérí rẹ̀, ibí ni owó àti ìbámu ti pàdé. Ike Toyota tó ti rìn lókè òkun fún ọdún mélòó kan ṣì sàn ju ike tuntun tí wọ́n rọ láìwọ̀n. Àmọ́ ẹ béèrè ibi tó ti wá. Hilux tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Yúróòpù láyé Vigo, dísù ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà àpótí tó bá inú kọ̀nténà Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Jámánì dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti dísù. Ilẹ̀ Lárúbáwá ni 2.7 bẹntiróòlù ti pọ̀. Àpótí dísù lè fẹ́ wọ ibẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ lè bá a mu, ṣùgbọ́n ihò sẹ́ńsọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀n kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà tún ní wàhálà tirẹ̀. Toyota ò ta Hilux níbẹ̀ láti 1995. Tacoma ló rọ́pò rẹ̀. Tacoma 2.7 láti 2005 ń lo 2TR-FE bíi ti Hilux, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ara ọkọ̀ méjèèjì ò dọ́gba, àyè abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn ò rí bákan náà, àpótí ọ̀kan ò ní rí ibi jókòó lára ìkejì.

Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí tó yẹ, ẹ tẹ ìṣẹ́po ọ́ósì rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nínú oòrùn kẹ́ ẹ sì wo ìsàlẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni yíyà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í hàn tí ọ́ósì bá wà ní ìrọ̀rùn. Ẹ ká ìkọ́ irin ẹ̀gbẹ́ àpótí wò bóyá ó ṣì ń ta padà. Ẹ ti súkúrù méjì sẹ́ńsọ̀ wọlé, ẹ rí i pé ojú rẹ̀ kò tíì jẹ. Ọ́ìlì díẹ̀ tó bá wà nínú ọ́ósì kò burú, èémí ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e wá. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù, ó ń mú rọ́bà wú. Fílítà tòkúnbọ̀ ni kẹ́ ẹ má rà láé. Rọ́bà ọ́ósì tòkúnbọ̀ náà, tó bá ti le bí igi, kò ní pẹ́ ya.

Àfarawé tuntun

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi méjì ni: àfarawé tó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní àpò àti nọ́ńbà tirẹ̀, àti èyí tó wà nínú ọ̀rá funfun tí kò lórúkọ. Ti àkọ́kọ́ máa ń dára nígbà míì. Ti ìkejì, oríire ni.

Àwọn àléébù rẹ̀ kì í yàtọ̀ síra wọn púpọ̀. Ihò sẹ́ńsọ̀ lè fẹ̀ jù tàbí kó yí díẹ̀, débi pé ojú sẹ́ńsọ̀ ò kọjú sí afẹ́fẹ́ tààrà. Rọ́bà róbótó tó wà lára sẹ́ńsọ̀ lè máa lọ́ nínú ihò rẹ̀ dípò kó há. Tẹ́ ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ síbẹ̀ láìtíì de súkúrù tó sì ń mì, jíjò wà níbẹ̀. Tí ìdérí yín àtijọ́ bá ní àwọ̀n ike kékeré tó ń tọ́ afẹ́fẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, ẹ wò ó bóyá tuntun ní in. Tí kò bá sí, afẹ́fẹ́ á dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ní ríruru, iye tó ń kà á máa lọ sókè sódò, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró. Ihò kékeré tí ọ́ósì èémí ẹ́ńjìnnì ń wọ̀ lára ọ́ósì ńlá lè má bá ti àtijọ́ mu, mẹkáníìkì á sì fi kílíìpù fún un mọ́lẹ̀ tipátipá tàbí kó fi bọ́òtù dí i. Méjèèjì ni ò dáa. Tí ihò yẹn bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a ò kà àti eruku á wọlé. Tí wọ́n bá dí i, ẹ́ńjìnnì ò ní rí afẹ́fẹ́ mímọ́ tó ń lé èéfín kúrò nínú ikùn rẹ̀, ọ́ìlì á sì tètè di ẹrẹ̀.

Ìdérí àfarawé tún máa ń ká nínú ooru. Ní ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, ó dọ́gba. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ooru ẹ́ńjìnnì bá ti ń fẹ́ sí i, etí rẹ̀ á gbé díẹ̀ láàárín ìkọ́ méjì, ibẹ̀ ni eruku á sì ń gbà.

Nípa fílítà, àdánwò kan wà tó ń tú àṣírí. Ẹ fi ìka pa gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí etí àpótí níbi tí rọ́bà fílítà ń jókòó lé, yíká gbogbo rẹ̀. Ẹ fi fílítà tuntun síbẹ̀, ẹ de ìdérí, ẹ tún un tú. Ẹ yí fílítà dojú dé. Gírísì gbọ́dọ̀ ti yọ lára rọ́bà rẹ̀ yípo, láìdá níbì kankan. Ibi tí gírísì ò bá kan, afẹ́fẹ́ ò ní gba inú pépà ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà. Ó sábà máa ń jẹ́ igun, tàbí ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà jù sí ìkọ́. Fílítà tí rọ́bà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ojúlówó lọ pẹ̀lú mìlímítà kan péré lè kùnà níbí, bí pépà rẹ̀ tiẹ̀ dára.

Fún ẹni tó ń gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa tàbí tó ń wakọ̀ nígbà ọyẹ́, jíjò yìí ló léwu jù nínú gbogbo ohun tá a sọ. Kì í tan iná kankan sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí afẹ́fẹ́ náà kọjá lójú sẹ́ńsọ̀. Eruku ni ò ṣeé kà. Ó ń lọ ríǹgì àti ògiri sìlíńdà, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í dín, wọ́n á sì ní ẹ́ńjìnnì ti gbó.

Ẹ̀yà tí mo lè gbà kẹ́ ẹ rà ní àfarawé láìbẹ̀rù ni ike ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́, ìsàlẹ̀ àpótí tó bá yege àdánwò gírísì, àti kílíìpù. Sẹ́ńsọ̀ MAF àfarawé, rárá o. Tí tàtijọ́ bá ń ṣe ségesège, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú sípíréè tí wọ́n ṣe fún MAF, kì í ṣe ti kabúrẹ́tọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dá a padà. Tí kò bá yí padà, tòkúnbọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tiyín mu láti òkè dé ilẹ̀ sàn ju tuntun tí ò lórúkọ lọ.

Fílítà onísónsó àti páìpù dídán

Fílítà tó rí ṣóńṣó, tí wọ́n sábà máa ń fi sí ẹnu páìpù láìsí àpótí, nìyí. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ dùn létí àwọn ọ̀dọ́. Lórí 2.7 tí kò ní túbò, tí ìyókù rẹ̀ ṣì wà bí Toyota ṣe ṣe é, agbára tó ń fi kún un kò tó ohun tẹ́ni tó ń wakọ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí Toyota ṣe kì í ṣe ohun tó ń dí ẹ́ńjìnnì yìí lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́, ìṣòro ìbámu rẹ̀ mẹ́rin ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ihò sẹ́ńsọ̀ tá a ti ṣírò lókè. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní "fún gbogbo ọkọ̀" máa ń ní páìpù mìlímítà 76 pẹ̀lú àwo sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n jó mọ́ ọn. Èkejì ni igun: tí páìpù bá yí gẹ́rẹ́ ṣáájú sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ á sáré ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, sẹ́ńsọ̀ á sì máa parọ́. Ó yẹ kí páìpù gùn tààrà fún ìwọ̀n bíbú rẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú sẹ́ńsọ̀, èyí tí àyè abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í sábà gbà. Ẹ̀kẹta ni ìdìmú. Ẹ́ńjìnnì máa ń mì lórí ìjókòó rẹ̀, ara ọkọ̀ ò bá a mì. Tí wọ́n bá de páìpù líle mọ́ méjèèjì láìsí rọ́bà tó ń nà láàárín, ohun kan á sán, tàbí kí páìpù máa ha bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹrin ni ọ́ìlì tí wọ́n ń fi sára fílítà olówùú: tó bá pọ̀ jù, ó ń fò bá wáyà sẹ́ńsọ̀, ó ń bò ó, sẹ́ńsọ̀ á sì ka iye tó kéré.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Fílítà tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ radíétọ̀ ló ń fà. Ẹ so ẹ̀rọ sikáànù kékeré mọ́ fóònù, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí IAT, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe gbóná tó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ máa rí i bó ṣe ń gun òkè. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, agbára tó wà nínú rẹ̀ kéré. Àwọn tó gbé fílítà wá sísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà nítorí kó lè rí afẹ́fẹ́ tútù tún ti sún mọ́ omi. Nínú àgbàrá Lẹkkí tàbí Àgége, omi tó bá bo fílítà yẹn á wọ sìlíńdà. Omi kì í ṣeé tẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Kónírọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítìnì, ló máa tẹ̀.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ rà á fún ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kó mọ̀ pé ní California, irú ẹ̀yà báyìí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní EO láti ọ̀dọ̀ CARB, àjọ tó ń bójú tó ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kí ọkọ̀ tó lè yege àyẹ̀wò èéfín. Ẹni tó wà ní Britain kó sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀ ṣáájú.

Ọ́ósì sìlíkóònù àti páìpù wẹ́dà

Sìlíkóònù dára, ó ń fara da ooru, ó sì tọ́ sí ààrin sẹ́ńsọ̀ àti tọ́rọ́tù tí ọ́ósì ojúlówó bá wọ́n. Ẹ wọn ìta ẹnu méjèèjì pẹ̀lú kálípà kẹ́ ẹ tó rà á. Tí ọ́ósì bá fi mìlímítà kan tàbí méjì fẹ̀ ju ẹnu lọ, kílíìpù á gbà á. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà á ká sórí ara rẹ̀ lábẹ́ kílíìpù, ibi tó ká ni á máa jò. Ẹni tó ń tà á lè ní kẹ́ ẹ kàn fún un gan-an. Fífún un ló ń gé e. Ẹ tún rántí pé ọ́ósì èémí gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa wọ̀. Sìlíkóònù gbọọrọ tí kò ní ihò yẹn kò wúlò fún yín.

Páìpù irin tí wẹ́dà jó, ìyẹn la ń rí lára ọkọ̀ akẹ́rù jù. Ìpẹ́pẹ́ ìdáná inú rẹ̀ àti ìpẹtà á máa já wọ ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ sì ti kọjá fílítà, kò sí ohun tó máa dá wọn dúró. Páìpù omi PVC ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbóná. A lè fi méjèèjì dé ilé. A ò gbọ́dọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Lára Hilux dísù, 2.5 àti 3.0 D-4D, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i: ọ́ósì tó wà lẹ́yìn túbò ń gba afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti tì pẹ̀lú agbára, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní okùn nínú. Ọ́ósì lásán á wú, á sì bọ́. Èéfín dúdú àti ọkọ̀ tí kò fẹ́ gun òkè ni àmì rẹ̀.

Ní ti páìpù gíga tó ń gun ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ìlú Ọsirélíà ló ti gbajúmọ̀, ẹni tó ń la odò tàbí eruku àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló wúlò fún. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ tí àpótí yín wà, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ihò sí ara ọkọ̀. Tó bá jẹ́ nítorí omi lẹ fi rà á, gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ àti ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ àpótí gbọ́dọ̀ ní ìdè tó péye, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹwà lásán ni.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dè é

Ẹ tú wáyà bátìrì dúdú fún bíi ìṣẹ́jú 10 kí kọ̀ǹpútà gbàgbé ìṣirò àtijọ́. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ sì wakọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun méjì lórí sikáànù. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, tí ọkọ̀ dúró, tí AC wà ní pípa, MAF ẹ́ńjìnnì 2.7 yẹ kó wà ní àyíká gíráàmù 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. LTFT, ìyẹn ìdá epo nínú ọgọ́rùn-ún tí kọ̀ǹpútà ti ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, yẹ kó wà láàárín -10 sí +10. Tí LTFT bá ga nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì wá sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ èéfín wá a. Tó bá ga ní ipòkípò, ihò sẹ́ńsọ̀ ló fẹ̀ jù tàbí sẹ́ńsọ̀ dọ̀tí. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹrù wúwo nìkan ló ga, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ọ́ósì, ẹ yẹ pọ́ǹpù epo wò.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tú ọ́ósì, ẹ fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀. Tó bá pupa, fílítà ò jókòó.

Ta ni kó ra èwo

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú ìlú: ìdérí àti àpótí tòkúnbọ̀ tó bá nọ́ńbà mu, fílítà ojúlówó tuntun, ọ́ósì ojúlówó tí owó bá gbà, tí kò bá gbà, sìlíkóònù tó bá ìwọ̀n mu tó sì ní ihò èémí.

Ẹni tó ń gba oko, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta, tàbí ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà: kó má rẹ́ owó sí ìdérí àti fílítà, ojúlówó ni méjèèjì. Ike ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́ lè jẹ́ àfarawé. Kó máa ṣe àdánwò gírísì nígbàkígbà tó bá ti pààrọ̀ fílítà.

Ẹni tó ni ọkọ̀ púpọ̀ tí dírẹ́bà ń wà kó ra ojúlówó, kó sì kọ nọ́ńbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń rajà. Èyí tí mẹkáníìkì bá kàn lọ mú wá ni á máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún.

Ẹni tó fẹ́ fílítà onísónsó dandan: kó ra èyí tí wọ́n dárúkọ Hilux 2TR-FE àti ọdún rẹ̀ sí lára, tó ní àpótí tó dí i kúrò lọ́wọ́ ooru, kó sì fi àpótí àtijọ́ pamọ́ sílé títí LTFT á fi dúró jẹ́ẹ́.

Ẹni tó wà lókè òkun tó fẹ́ fi ẹ̀yà ránṣẹ́ sí ará ilé: kí wọ́n ya fọ́tò nọ́ńbà fírémù àti nọ́ńbà ara ẹ̀yà àtijọ́ ránṣẹ́ sí i kó tó ra ohunkóhun. Tó bá wà ní Amẹ́ríkà, kó gbàgbé ti Tacoma, kó wá ẹni tó ń ta ẹ̀yà láti Dubai.